"Kí Ló Ń Jẹ?": Bí Mo Ṣe Rí Ṣakabùlà Tó Bá Mi Mu ní Pennsylvania

Ọjọ́ tí mo pe bàbá mi lórí fóònù pé mo ti ra ìbọn ọdẹ ní Amẹ́ríkà, mo ti múra sílẹ̀ láti dáhùn iye tí mo rà á. Wọn kò béèrè ìyẹn. "Kí ló ń jẹ?" ni wọ́n wí. Mo rẹ́rìn-ín, mo rò pé àgbà ti ń dé sí wọn. Ọdún mẹ́ta kọjá, ìbọn mẹ́ta gba ọwọ́ mi kọjá, kí n tó mọ̀ pé ìbéèrè yẹn gan-an ló yẹ kí n fi ki ẹni tó kọ́kọ́ ta ìbọn fún mi mọ́lẹ̀.

Ọdẹ ni bàbá mi ní Ṣakí. Ṣakabùlà ni wọ́n fi tọ́ wa: ìbọn olójú kan tí alágbẹ̀dẹ rọ, tí wọ́n ń ki ẹ̀tù, àkísà àti ọta sí láti ẹnu, tí wọ́n á sì fi kápù, ìyẹn ìdérí kékeré tó ń tan iná, sí ìdí rẹ̀ kó tó dún. Òyìnbó ń pè é ní Dane gun, nítorí pé àwọn ará Denmark wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ń kó irú rẹ̀ wá tà ní etíkun wa. Òfin ìbọn Nàìjíríà ti ọdún 1959 pàápàá ya ìsọ̀rí kan sọ́tọ̀ fún un. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, wọn kì í jẹ́ kí n yìn ín. Iṣẹ́ tèmi ni kí n bomi sí àtùpà kábáàdì kí ilẹ̀ tó ṣú, kí n sì bá wọn fọ ìbọn lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì. Òórùn ẹ̀tù tó ti jó, tó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, kò tíì kúrò nímú mi títí dòní. Nítorí náà, nígbà tí mo dé Pennsylvania tí mo gbọ́ pé àsìkò kan wà tí ọdẹ ibẹ̀ máa ń gbé ìbọn tí a ń ki láti ẹnu lọ sígbó, inú mi dùn bí ẹni tó pàdé ará ilé ní ìdálẹ̀. Mo ní, ṣé ṣakabùlà náà nìyí? Kí lẹ fẹ́ kọ́ mi?

Ìgbéraga ló ra ìbọn àkọ́kọ́ yẹn.

Irú tí wọ́n ń pè ní inline ni. Láti ọdún 1985, tí ọ̀gbẹ́ni Tony Knight ní ìpínlẹ̀ Missouri ti gbé MK-85 rẹ̀ jáde, ni irú ìbọn yìí ti gbòde láàárín ọdẹ Amẹ́ríkà. Ẹ̀yìn ẹ̀tù tààrà ni iná rẹ̀ ti ń wá, kò gba ẹ̀gbẹ́ bíi ti ṣakabùlà tiwa, kápù ńlá tí wọ́n ń lò nínú kátíríìjì ló sì ń tan án, èyí tí wọ́n ń pè ní 209. Òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ dà á láàmú. Awò tó ń fa ohun tó jìn sún mọ́ni wà lórí tèmi, ọta rẹ̀ gùn bí orí ìka, ó sì wọ ẹ̀wù ike. Dọ́là 280 ni mo san. Ní pápá ìtafà-ìbọn, tí mo bá yìn ín lẹ́ẹ̀mẹ́ta ní yáàdì 100, ife tíì kan lè bo ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo ya fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí.

Mo wá gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ láti ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá, ọjọ́ kejì Kérésìmesì, nítorí ìgbà náà ni àsìkò tí mo gbọ́ nípa rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú rẹ̀, bàbá àgbàlagbà kan tí a jọ máa ń pàdé ní pápá wo ìbọn mi, wọ́n wo ojú mi, wọ́n ní, "Ìyẹn ò lè bá ọ lọ o." Mo ní kí ló dé? Wọ́n ní láti ọdún 1974 tí Pennsylvania ti dá àsìkò yẹn sílẹ̀, ìbọn olókùúta nìkan ni òfin gbà. Òkúta ìṣáná ló gbọ́dọ̀ sá irin kí iná tó yọ, bí ó ti rí láyé àtijọ́. Kò gbọdọ̀ ní awò lórí, fífẹ̀ ẹnu rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ kéré sí ínṣì .44. Inline tèmi, inú oṣù Kẹwàá ló ti láyè, nínú ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún abo àgbọ̀nrín, ọ̀sẹ̀ yẹn sì ti kọjá lọ tipẹ́tipẹ́.

Ìwé òfin ọdẹ wà nínú fóònù mi láti ọjọ́ tí mo ti gba láísẹ́ǹsì. Mi ò ṣí i wò. Ohun tó tàn mí jẹ ni ọ̀rọ̀ kan tí àwọn ọdẹ ibí fẹ́ràn láti máa sọ, pé òfin ìbọn ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 1968 kò ka ìbọn tí a ń ki láti ẹnu mọ́ ìbọn gidi. Òótọ́ ni dé ibi tó dé, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe òfin ọdẹ tirẹ̀, èyí tí ẹ sì fi pa ẹran ní Ohio láìsí wàhálà lè sọ yín di arúfin ní ìpínlẹ̀ kejì. Bí ẹ bá fẹ́ ra irú ìbọn yìí, ẹ kọ́kọ́ mọ oṣù tí ẹ fẹ́ wọgbó, lẹ́yìn náà kí ẹ tó wo ojú ìbọn kankan. Mo lo ìsinmi mi nílé, mò ń wo bọ́ọ̀lù.

Ọdún kejì, mo ní mi ò tún ní fara balẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin kan ń ta ẹrù bàbá rẹ̀ tó ti kú, ìbọn olókùúta kan sì wà níbẹ̀. Ẹ ò rí i! Igi ìdí rẹ̀ pọ́n, ó ń dán, idẹ wà lára rẹ̀ káàkiri, irin rẹ̀ dúdú mìnìjọ̀. Mo ná an díẹ̀, mo sanwó, mo gbé e wálé bí ìyàwó tuntun.

Nílé, mo ti ọ̀pá rẹ̀ bọ ẹnu ìbọn kí n lè fi àkísà nù ún. Ọ̀pá náà dúró kó tó dé ìdí. Mo fà á jáde, mo tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ irin níta, mo fi wé e: ó ṣẹ́kù bí ìka méjì. Òógùn bò mí nínú òtútù. Ìbọn tí mo gbé sẹ́yìn mọ́tò wálé, tí ọmọ mi tí kò ju ọdún méje lọ ti fọwọ́ pa lórí, ẹ̀tù àti ọta wà nínú rẹ̀. Ta ló mọ ọdún tí baba olóògbé ti kì í síbẹ̀? Bàbá mi máa ń sọ fún wa pé ìbọn tí wọ́n bá ní kò sí nǹkan nínú rẹ̀ ni kí á bẹ̀rù. Mo gbọ́ ọ lọ́mọdé, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ló wọ̀ mí lára.

Mo pe bàbá àgbàlagbà ti pápá. Wọ́n wá, wọ́n rọ omi gba ihò ìdí rẹ̀ kí ẹ̀tù inú rẹ̀ lè kú, wọ́n fi ọ̀pá onískúrù gún ọta náà, wọ́n fà á jáde wẹ́rẹ́. Àkísà tó tẹ̀lé e jáde pupa bí ilẹ̀ Ṣakí. Ìpẹtà ti jẹ inú irin náà, ó ti gbẹ́ ẹ ní kòtò kòtò. Ẹ̀tù tó jó máa ń fi èérú sílẹ̀, èérú yẹn a sì máa fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, bí ẹ kò bá sì fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà, láàárín ọjọ́ mélòó kan, irin ti ń bàjẹ́. Ọta kò lè jókòó dáadáa nínú irú irin bẹ́ẹ̀. Ẹwà ìta ni mo rà.

Nígbà tí mo sọ fún bàbá mi, wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "O ò gbóòórùn ẹnu rẹ̀?" Mo rántí wọn lójú ẹsẹ̀: nígbàkigbà tí ẹnikẹ́ni bá gbé ìbọn wá fún wọn, wọ́n á kọ́kọ́ fi ọ̀pá wọ̀n ọ́n, wọ́n á gbé imú sí i, kí wọ́n tó kí ẹni tó gbé e wá.

Láti ìgbà náà, mi ò gbé ìbọn àlòkù jáde lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láìti ọ̀pá bọ̀ ọ́, láìfi àkísà tó rin díẹ̀ fà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta níwájú ẹni tó ń tà á. Tí àkísà bá ń há, tó ń já, tàbí tó ń jáde ní pupa lẹ́ẹ̀kẹta, mo ti ń lọ sílé nìyẹn. Inú kì í bí oníṣòwò tó mọṣẹ́. Ẹni tó bá bínú, ó ti dá yín lóhùn.

Ìbọn kẹta ni mo fara balẹ̀ rà. Òun ló wà lọ́wọ́ mi títí di ìsinsìnyí, òun náà ló sì jẹ́ kí ìbéèrè bàbá mi yé mi.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Inú ṣakabùlà tiwa dán bọ̀rọ́. Ráífù ní ìlà nínú, ìlà tó ń lọ́ bí okùn láti ìdí dé ẹnu, kí ọta lè máa pòòyì bó ṣe ń jáde. Wọ́n sábà máa ń kọ bí ìlà náà ṣe lọ́ sí ara irin: 1:66 túmọ̀ sí pé ọta gbọ́dọ̀ rin ínṣì 66 kó tó pòòyì ẹ̀ẹ̀kan, 1:28 sì ni pé ínṣì 28 péré ló nílò. Ọta roboto tí a fi àkísà wé, èyí tí àwọn baba ńlá àwọn ọdẹ ibí lò, kò fẹ́ ìpòòyì púpọ̀, ìlọ́ tó lọ́ra bíi 1:66 ló bá a mu. Ọta gígùn tó wọ ẹ̀wù ike, bíi ti inline mi, àfi kó pòòyì kíákíá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ lójú afẹ́fẹ́. 1:48 wà láàárín méjèèjì, ó ń gba tibí, ó ń gba tọ̀hún, láìjẹ́ ọ̀gá nínú èyíkéyìí. Ṣé ẹ rí i? Kí ẹ tó yan ìbọn, ẹ ti gbọ́dọ̀ mọ oúnjẹ tí ẹ fẹ́ máa fún un. Ẹni tó bá ra ìbọn 1:28 tó wá ń bọ́ ọ ní ọta roboto, á máa bú ojú ara rẹ̀, á máa bú awò, ìbọn náà ò sì mọ nǹkankan.

Èmi fẹ́ ọta roboto. Kò sí ọgbọ́n kankan nídìí rẹ̀ ju pé ó rán mi létí ilé. Mo mú ẹnu .50, ìlọ́ 1:48, nítorí pé ìlà rẹ̀ jìn tó láti di àkísà mú, àti pé irin rẹ̀ kò gùn ju ínṣì 28 lọ. Ọkàn mi kọ́kọ́ fà sí ìbọn gígùn tí àwọn alágbẹ̀dẹ Jámánì máa ń rọ ní àgbègbè Lancaster ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún, tí irin òmíràn nínú wọn ju ínṣì 40 lọ. Ó lẹ́wà lọ́wọ́ o, bí ọ̀pá ọba. Ṣùgbọ́n inú igbó tí mo ń lọ ṣú, ẹ̀gún pọ̀ níbẹ̀, mo sì mọ bí ara mi ṣe rí: ìbọn tó gùn tó bẹ́ẹ̀ á máa há sígi, á máa pariwo, àgbọ̀nrín á sì ti gbọ́ mi kí n tó rí i.

Kí ó bá èjìká ẹni mu náà ṣe pàtàkì. Bàbá ti pápá ní kí n pa ojú dé, kí n gbé ìbọn sí èjìká bí ẹni pé ẹran dúró níwájú mi, kí n wá lajú. Tí ojú mi bá bá ibi ìwòran láìjẹ́ pé mo tún ọrùn tò, ìbọn náà tó mi. Ìbọn méjì ni mo ti gbé tì kí n tó kan èyí tó tó mi. Lẹ́yìn ìyẹn, mo bẹ ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù kó jọ̀ọ́ pa iná. Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ò pé, ṣùgbọ́n ó pa á. Mo ti fi ọ̀pá wọ̀n ọ́n, kò sí nǹkankan nínú rẹ̀, mo dojú rẹ̀ kọlẹ̀, mo jẹ́ kí òkúta sá irin nínú òkùnkùn. Iná ya wálá, funfun, ó ṣubú sínú àwo kékeré tí ẹ̀tù ìtanná máa ń wà. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀marùn-ún, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló tàn. Irin tí iná rẹ̀ bá pọ́n rúsúrúsú, tó kéré bíi ti sìgá, á já yín kulẹ̀ níwájú ẹran.

Ní ti ẹ̀tù, ibẹ̀ ni mo tún ti ṣìnà. Àpò Pyrodex tí mo rà fún inline ṣẹ́ kù, mo ní kí n má fi owó ṣòfò. Ìbọn olókùúta kì í jẹ ẹ́. Ooru tí irú ẹ̀tù àtọwọ́dá bẹ́ẹ̀ nílò kó tó gbiná pọ̀ ju ohun tí iná inú àwo lè mú wá lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ni mo fa ohun ìfà, iná jó fòò lórí àwo, ìbọn ò dún. Ẹ̀tù dúdú gidi ló fẹ́: èyí tó nípọn díẹ̀, tí wọ́n ń kọ FFg sí lára, fún inú irin, àti èyí tó kúnná bí lẹ́búlẹ́bú, FFFFg, fún inú àwo. Ẹ̀tù tí ẹ bá sì tú láti inú kátíríìjì ìbọn ìgbàlódé, ẹ má ṣe fi ṣeré rárá. Agbára rẹ̀ ju ti ìbọn yìí lọ fíìfíì, ó máa fọ́ irin sí yín lójú ni. Mo mọ ọ̀rẹ́ bàbá mi kan tó fi ìka méjì lélẹ̀ nídìí ṣakabùlà, tirẹ̀ kì í tilẹ̀ ṣe ọ̀rọ̀ irú ẹ̀tù, ó gbàgbé pé òun ti kì í, ó tún un kì. Nítorí tirẹ̀ ni mo ṣe fi ọ̀bẹ fa ìlà méjì sára ọ̀pá ìbọn mi: ọ̀kan fún ìgbà tó bá ṣófo, ọ̀kan fún ìgbà tí mo bá kì í tán. Tí ìlà kejì bá yọ sókè ẹnu irin ju bó ti yẹ lọ, mo mọ̀ pé nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀, yálà mo kì í lẹ́ẹ̀mejì tàbí ọta kò tíì jókòó lórí ẹ̀tù.

Òrí ni mo fi ń pa àkísà tí mo fi ń wé ọta. Òrí ilé, tí ìyá mi fi ránṣẹ́ fún awọ ara àwọn ọmọ. Òróró mọ́tò a máa di bí ọ̀dà nígbà tó bá pàdé iná ẹ̀tù dúdú, ṣùgbọ́n ọ̀rá tó wá láti ara igi tàbí ẹran kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìṣòro kan ṣoṣo ni pé òrí máa ń le gbagidi nínú òtútù oṣù Kìíní, nítorí náà àpò àyà ni mo ń kó o sí. Ìyàwó mi ní mò ń rùn bí ọmọ ìkókó.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbé e wọgbó, mo rí àgbọ̀nrín kan ní nǹkan bíi yáàdì 40. Mo fa ohun ìfà. Fòò! Iná àwo, èéfín lójú mi, kò sí ariwo. Mo dúró bí wọ́n ti kọ́ mi, mo kọjú ìbọn sí ilẹ̀ tó ṣófo fún ìṣẹ́jú kan gbáko, nítorí pé ó lè pẹ́ kó tó dún. Kò dún. Àgbọ̀nrín náà na ìrù funfun rẹ̀ sókè, ó lọ. Ohun tó fà á nìyí: mo ti kì í láàárọ̀, mo jẹun nínú mọ́tò tí mo tan hítà sí, ìbọn tó tutù wọ inú ooru, ó làágùn nínú bí ìgò omi inú firíìjì. Ẹ̀tù rin. Láti ọjọ́ yẹn, ẹ̀yìn mọ́tò tó tutù ni ìbọn mi ń gbé, inú igbó ni mo sì ti ń kì í, lẹ́yìn tí mo bá ti fi wáyà tín-ínrín yọ ihò ìdí rẹ̀.

Ọjọ́ kẹsàn-án tí mo gbé e wọgbó, ìyẹn nínú àsìkò ọdún tó tẹ̀lé e, yìnyín ti bo ilẹ̀ dé ọrùn bàtà. Abo kan jáde nínú ẹ̀gún, ó dúró, ó ń fi imú wá nǹkan lábẹ́ yìnyín. Yáàdì 45. Mo ti pinnu pé mi ò ní yìn ín kọjá 60, nítorí pé ọta roboto máa ń yára pàdánù agbára, n kò sì fẹ́ tọ ipa ẹ̀jẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ìbọn olókùúta máa ń dúró díẹ̀ láàárín iná àwo àti iná inú, bí ẹni tó fẹ́ sín. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń yẹ̀ ẹ́. Mo di i mú, mi ò mira. Fòò, gbàù! Èéfín bo gbogbo ayé. Nígbà tó ká, ó wà nílẹ̀, kò rìn ju ìgbésẹ̀ ogún lọ. Mo jókòó sórí yìnyín, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Olódùmarè, mo dárúkọ Ògún náà, ẹ má sọ fún pásítọ̀ mi.

Wọ́n ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, bó bá pa ẹran kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ. Mo ro ó: inline tí mo tà ní ìdajì owó, ìbọn ìpẹtà tó wà lára ògiri báyìí, ìsinmi tí mo fi wo bọ́ọ̀lù. Síbẹ̀, mo gbé itan kan fún bàbá ti pápá, a sì fi ìyókù se ọbẹ̀ fún gbogbo ẹbí.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn, ó rẹ̀ mí débi pé ojú mi ń pa dé. Mo tú irin kúrò lára igi, mo tì í bọ omi gbígbóná àti ọṣẹ nínú báàkẹ́ẹ̀tì, mo ń fà á sókè sódò, omi dúdú ń jáde, ilé rùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Mo pe bàbá mi lórí fídíò. Wọn kò béèrè bí ẹran náà ṣe tóbi tó. Wọ́n ní kí n gbé àkísà sún mọ́ ojú fóònù. Mo gbé e. Ó funfun báláú, mo tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Tún un fà," ni wọ́n wí.

Mo tún un fà. Ìlà eérú kan, tín-ínrín bí okùn irun, wà lára rẹ̀.

"Ẹ̀n-ẹ́n. Gbé omi náà padà kaná."